John William Ricketts, Ẹni Tí Àwọn Ènìyàn Rẹ̀ Rán Lọ sí Ìlú Ọba

Ó ti di àṣà láti máa kọ ìtàn àwọn àgbà ìlú tiwa sí abala yìí, àwọn tí wọ́n la ọ̀nà, tí wọ́n kọ́ ilé-ẹ̀kọ́, tí wọ́n sì bá Ìjọba Òyìnbó sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ ní àkókò tí ẹ̀rù ń ba ẹlòmíràn. Lọ́dún yìí, a bẹ̀ yín kí ẹ jẹ́ kí a rìn jìnnà díẹ̀, kí a ré òkun kọjá lọ sí ilẹ̀ Íńdíà. Ọkùnrin kan gbé ibẹ̀ ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó ní ìpàdé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè rí. Ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ, wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, wọ́n sì rán an lọ bá àwọn Aṣòfin Ìlú Ọba. John William Ricketts ni orúkọ rẹ̀.

Kí a tó sọ ohun tí ó ṣe, ó yẹ kí a mọ irú àwọn ènìyàn tí ó ti inú wọn jáde. Kọ́ńpìnì East India, tí àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní ọdún 1600, ni ó kọ́kọ́ lọ tajà ní Íńdíà kí ó tó wá di ọba lé àwọn onílé lórí. Àwọn ọkùnrin ni Kọ́ńpìnì ń kó lọ: ọmọ ogun, akọ̀wé, atukọ̀. Obìnrin Òyìnbó kò tó nǹkan níbẹ̀. Ní 1687, àwọn olórí Kọ́ńpìnì ní Lọ́ńdọ̀n kọ̀wé sí Madras pé kí wọ́n gba àwọn ọmọ ogun níyànjú láti fẹ́ obìnrin ilẹ̀ náà, àti pé ìyá tí ó bá bí ọmọ nínú irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ yóò gba owó wúrà kan, èyí tí wọ́n ń pè ní pagoda, ní ọjọ́ tí wọ́n bá ṣe ìsàmì fún ọmọ náà. A fẹ́ kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn. Kì í ṣe pé àwọn ọmọ wọ̀nyí ṣèèṣì wá sí ayé. Kọ́ńpìnì fi owó pè wọ́n wá.

Fún ọgọ́rùn-ún ọdún, ọmọ ilé ni wọ́n jẹ́. Wọ́n jogún baba wọn, wọ́n wọ iṣẹ́ ogun, wọ́n wọ ọ́fíìsì, wọ́n sì gun orí àtẹ̀gùn bí ọmọ Òyìnbó èyíkéyìí. Nígbà tí ó yá, afẹ́fẹ́ yí padà. Ní 1786 àṣẹ jáde pé àwọn ọmọ aláìníbaba tí àwọn ọ̀gá ọmọ ogun fi sílẹ̀, tí wọ́n wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ní Calcutta, kò gbọdọ̀ lọ parí ẹ̀kọ́ wọn ní Ìlú Ọba mọ́. Ní 1791 òmíràn tẹ̀lé e: ọmọ tí ìyá tàbí baba rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Íńdíà kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ ìjọba, kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀gá nínú ogun, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀gá nínú ọkọ̀ ojú omi Kọ́ńpìnì. Ní 1795 wọ́n fi ìdè sí i: ẹni tí kì í bá ṣe Òyìnbó láti ìhà baba àti ti ìyá kò ní àyè nínú ẹgbẹ́ ogun, àfi kí ó máa fọn fèrè, kí ó máa lu ìlù, tàbí kí ó máa kan irin mọ́ pátákò ẹṣin.

Àwa Yorùbá kò fojú tín-ín-rín onílù, ìdílé Àyàn kì í sì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí baba rẹ̀ fi idà ṣe ọ̀gá ní ojú ogun, tí wọ́n wá ní kí òun máa fọn fèrè fún àwọn ẹlẹgbẹ́ baba rẹ̀, yóò mọ̀ pé wọ́n ń bú òun ni.

Kí ló fà á? Èkíní ni ojúkòkòrò. Iṣẹ́ Íńdíà ti di orísun ọrọ̀, àwọn olórí Kọ́ńpìnì sì fẹ́ pín gbogbo rẹ̀ fún ọmọ, ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ ọ̀rẹ́ wọn ní Ìlú Ọba. Èkejì ni ìbẹ̀rù. Láti ọdún 1791 náà ni ilẹ̀ tí a ń pè ní Haiti lónìí ti gbaná, tí àwọn ẹrú àti àwọn tí ẹ̀jẹ̀ dúdú àti funfun pàdé nínú wọn gbé ìjà ko àwọn amúnisìn Faransé. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan wo Eurasian, wọ́n sì ń rò pé bí irú èyí bá pọ̀ tí ó sì gbọ́n, òun ni yóò lé àwọn jáde. Ní ojú tiwa, ìdí àkọ́kọ́ ni ó wúwo jù.

Gbogbo wa ni a ti gbọ́ ìtàn àjàò, tí kò ṣe eku tí kò ṣe ẹyẹ, tí eku ní kì í ṣe ará ilé òun, tí ẹyẹ náà sì ní òun kò mọ̀ ọ́n. Ipò tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí bá ara wọn nìyẹn. Orúkọ tí a ó pè wọ́n gan-an di àríyànjiyàn. Àwọn kan ń pè wọ́n ní Eurasian, àwọn kan Indo-Briton, àwọn ẹlẹ́gàn sì ní orúkọ èébú tiwọn. Àwọn fúnra wọn ní ìgbà ayé Ricketts yan East Indian. A ó máa lo Eurasian nínú ìtàn yìí kí ọ̀rọ̀ má bàa dàrú.

Àwọn kan nínú wọn kò jókòó. James Skinner, ẹni tí baba rẹ̀ jẹ́ ará Scotland tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ Rajput, lọ bá àwọn Maratha ṣiṣẹ́ ogun nígbà tí Kọ́ńpìnì kò ní àyè fún un. Nígbà tí ogun bẹ́ láàárín Maratha àti Kọ́ńpìnì ní 1803, ó padà sọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kó ẹgbẹ́ ogun ẹlẹ́ṣin jọ, èyí tí ó ṣì wà nínú ẹgbẹ́ ogun Íńdíà títí di òní olónìí pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Ọ̀nà akọni nìyẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọmọ ènìyàn ni yóò gun ẹṣin lọ jagun. Ọ̀pọ̀ ló ní ìyàwó, tí ó ní ọmọ, tí ó sì ń fi kálàmù jẹun. Irú àwọn wọ̀nyí ni Ricketts dúró fún.

Ọdún 1791 tí àṣẹ burúkú jáde náà ni a bí i. Baba rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá kékeré nínú iṣẹ́ ogun, ó sì kú sí ojú ogun ní Seringapatam ní 1792, nígbà tí ọmọ kò tíì mọ̀ ọ́n lójú. Bẹ́ẹ̀ ni Ricketts ṣe di ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn aláìníbaba ní Kidderpore, lẹ́bàá Calcutta. Baba kú fún Kọ́ńpìnì. Kọ́ńpìnì sì ti ṣòfin pé ọmọ kò gbọdọ̀ di ohun tí baba jẹ́. Nígbà tí ó dàgbà, ó di akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba tí ń bójú tó owó ibodè, iyọ̀ àti opium ní Calcutta, ó sì ga níbẹ̀ débi tí àwọ̀ rẹ̀ lè jẹ́ kí ó ga dé.

Iṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ di olórí ni ti ilé-ẹ̀kọ́. Ní àkókò yẹn, Òyìnbó tí ó bá lówó a fi ọmọ ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba. Eurasian kò lágbára bẹ́ẹ̀, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tí ó wà ní Calcutta sì dúró lórí ẹni kan ṣoṣo: bí olùkọ́ bá kú tàbí bí ó bá lọ sí ilé, ilé-ẹ̀kọ́ parí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 1823, Ricketts pe àwọn òbí jọ sí ilé tirẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dá Parental Academic Institution sílẹ̀. Orúkọ náà sọ gbogbo rẹ̀: ilé-ẹ̀kọ́ àwọn òbí. Kì í ṣe ti ìjọba, kì í ṣe ti oníṣòwò kan. Àwọn òbí ni yóò máa sanwó, àwọn ni yóò yan ìgbìmọ̀, àwọn ni yóò sì máa bi olùkọ́ léèrè ohun tí ó ń kọ́ ọmọ wọn. Ẹ má ṣe rò pé gbogbo rẹ̀ lọ ní ìrọ̀rùn. Kò pẹ́ tí ìjà ìgbìmọ̀ fi wọ inú rẹ̀, tí apá kan fi yapa lọ dá ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ rí kò ní bi wá pé kí ló dé. Ti Ricketts kò wó.

Ṣùgbọ́n kí ni ọmọ yóò fi ìwé tí ó kà ṣe, nígbà tí òfin ti ti ilẹ̀kùn? Ọ̀rọ̀ yìí ni ó gbé wọn dé ìdí ìwé ẹ̀bẹ̀. Yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ọ̀kan tún wà tí ó burú jù ú lọ, òun ni ọ̀rọ̀ òfin fúnra rẹ̀. Láàárín ìlú Calcutta, òfin Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń ṣe àkóso Eurasian. Bí ó bá ti ré ààlà ìlú kọjá lọ sí ìgbèríko, òfin yẹn kò mọ̀ ọ́n mọ́. Híńdù ní òfin ẹ̀sìn rẹ̀ lórí ìgbéyàwó àti ogún, Mùsùlùmí ní tirẹ̀, ilé-ẹjọ́ Kọ́ńpìnì sì ń tẹ̀lé méjèèjì. Eurasian tí ó jẹ́ Kristẹni kò ní èyíkéyìí. Bí ó bá kú, kò sí òfin kan pàtó tí yóò pín ohun ìní rẹ̀ fún opó àti ọmọ rẹ̀. Bí wọ́n bá sì fi ẹ̀sùn ọ̀ràn kàn án, òfin ọ̀ràn àwọn Mùsùlùmí ni ilé-ẹjọ́ yóò fi gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ìrìn wákàtí díẹ̀ péré ni ó wà láàárín ẹni tí òfin mọ̀ àti ẹni tí òfin kò mọ̀, ẹnì kan náà sì ni.

Ní 1829 wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Wọ́n sọ nípa òfin tí wọn kò ní. Wọ́n sọ nípa iṣẹ́ gíga tí wọ́n lé wọn kúrò nínú rẹ̀, àti nípa àwọn ipò kéékèèké pàápàá tí Híńdù àti Mùsùlùmí lè dé ṣùgbọ́n tí Eurasian kò lè dé. Ricketts ni wọ́n yàn pé kí ó gbé e lọ. Àwa ka èyí sí ohun ìgboyà ju bí àwọn òǹkọ̀wé kan ti kà á sí lọ. Akọ̀wé ìjọba ni ọkùnrin yìí. Ìjọba tí ó ń fi í jẹun ni ó fẹ́ lọ fẹjọ́ rẹ̀ sùn níwájú àwọn tí wọ́n jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, ní ìlú tí àwọn olórí Kọ́ńpìnì fúnra wọn ń gbé.

Wọ́n mọ àkókò yàn. Ìwé àṣẹ tí Kọ́ńpìnì fi ń ṣàkóso, ogún ọdún ogún ọdún ni Ilé Aṣòfin ń tún un ṣe; ti 1813 sì ti ń sún mọ́ òpin. Àwọn ìgbìmọ̀ ti jókòó ní Lọ́ńdọ̀n láti wádìí ọ̀rọ̀ Íńdíà. Ní oṣù Kẹta 1830, Earl of Carlisle gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ náà ka iwájú Ilé àwọn Ìjòyè. Ní oṣù Karùn-ún, Charles Wynn, ẹni tí ó ti jẹ́ alábòójútó ọ̀rọ̀ Íńdíà nínú ìjọba Ìlú Ọba fún ọdún púpọ̀, gbé e lọ sí Ilé àwọn Aṣojú. Àwọn ìgbìmọ̀ ilé méjèèjì pe Ricketts, wọ́n bi í ní ìbéèrè, ó sì dáhùn. Ẹ fi ojú inú wò ó: ọmọ aláìníbaba Kidderpore, tí òfin 1786 ìbá ti ká mọ́ Calcutta bí ó bá fẹ́ lọ kàwé ní Ìlú Ọba, ni ó dúró níwájú àwọn Ìjòyè ilẹ̀ náà tí ó ń ṣàlàyé òfin fún wọn.

Àwọn kan gbọ́ ọ, wọ́n sì káàánú. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹfà ọdún náà, Ọba George Kẹrin wàjà. Ní ayé ìgbà yẹn, bí ọba bá wàjà, Ilé Aṣòfin yóò tú ká kí wọ́n tó dìbò òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ṣe dúró láìní ìpinnu. Ricketts padà sí Calcutta lọ́wọ́ òfo, bí a bá fẹ́ sọ ọ́ ní ṣókí.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ṣe gbà á. Ní oṣù Kẹta 1831 wọ́n ṣe ìpàdé ńlá ní Town Hall ní Calcutta, ó sì jíhìn iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Henry Derozio dìde sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, akéwì, olùkọ́ ní Hindu College, ẹni tí àwọn ọmọ Híńdù fẹ́ràn débi pé àwọn òbí wọn bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀rù rẹ̀. Kò ju oṣù kan lọ lẹ́yìn náà tí ó fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní tipátipá, ó sì dá ìwé ìròyìn kan sílẹ̀ tí ó sọ ní The East Indian. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá ọdún náà, àrùn onígbáméjì pa á. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni. Àwọn Eurasian kò rí irú rẹ̀ mọ́ fún ìgbà pípẹ́.

Ìpàdé náà kò bá Ricketts jà pé kò mú nǹkan bọ̀. Wọ́n tún kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ kejì, wọ́n fi ránṣẹ́. A ti rí ẹgbẹ́ tí ó tú ká nítorí pé aṣojú tí wọ́n rán lọ bá gómìnà kò mú ẹ̀rọ omi bọ̀ ní ọjọ́ kan náà.

Ní 1833 ni òfin tuntun jáde fún Kọ́ńpìnì. Ó wà nínú rẹ̀, ní abala kẹtàdínláàádọ́rùn-ún, pé a kò gbọdọ̀ dí ọmọ ilẹ̀ Íńdíà kankan lọ́wọ́ láti dé ipò tàbí iṣẹ́ lábẹ́ Kọ́ńpìnì nítorí ẹ̀sìn rẹ̀ nìkan, tàbí ibi tí a bí i sí, tàbí ìran rẹ̀, tàbí àwọ̀ rẹ̀. Àwọn òfin ìyàsọ́tọ̀ 1791 àti 1795 kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀ mọ́.

A kò ní sọ pé Ricketts nìkan ni ó ṣe é. Rammohun Roy, ọmọ Bengal tí òkìkí rẹ̀ kàn, dé Ìlú Ọba ní 1831, òun náà sì jẹ́rìí fún ìgbìmọ̀ Ilé Aṣòfin ní kíkọ sílẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan wà pẹ̀lú tí wọ́n fẹ́ àtúnṣe. Ohun kan sì wà tí a gbọ́dọ̀ sọ bí a kò bá fẹ́ fi ìyìn bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. Ìwé ẹ̀bẹ̀ Ricketts fi ara rẹ̀ wé Híńdù àti Mùsùlùmí, ó ń bínú pé wọ́n ní ohun tí Eurasian kò ní. Kò béèrè ilẹ̀kùn ńlá tí gbogbo ọmọ ilẹ̀ náà yóò gbà wọlé. Ti àwọn ènìyàn rẹ̀ ni ó lọ béèrè. Òfin tí ó jáde ni ó fẹ̀ ju ẹ̀bẹ̀ náà lọ. A kò dá a lẹ́bi púpọ̀, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni ó jẹ́, ṣùgbọ́n Derozio, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Híńdù yí ká, ìbá ti kọ ọ́ lọ́nà mìíràn.

Bẹ́ẹ̀ sì ni òfin lórí ìwé yàtọ̀ sí òfin lójú ayé. Ipò gíga ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tí olórí Kọ́ńpìnì bá yàn ní Lọ́ńdọ̀n, títí wọ́n fi sọ ọ́ di ti ìdánwò ní àárín àwọn ọdún 1850. Ó di 1863 kí ọmọ Íńdíà àkọ́kọ́, Satyendranath Tagore, tó yege, ọgbọ̀n ọdún gbáko lẹ́yìn òfin 1833. Ohun tí Eurasian rí gbà lẹ́yìn ni iṣẹ́ ojú irin, ti tẹligíráàfù àti ti ibodè. Ọ̀kẹ́ àìmọye ìdílé wọn ni rélùwéè bọ́.

Ricketts kò rí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí. Ìjọba fi í ṣe adájọ́ ní Gaya, ní ilẹ̀ Bihar, ní ìgbèríko gan-an tí ó ti lọ sọ ní Lọ́ńdọ̀n pé òfin kò mọ irú òun níbẹ̀. Kò pẹ́ lórí àga náà. Ó kú ní oṣù Keje 1835, kò tíì pé ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta.

Àríyànjiyàn orúkọ kò parí bọ̀rọ̀. Ní 1911 ni ìjọba tó fi Anglo-Indian sínú ìwé ìkànìyàn gẹ́gẹ́ bí orúkọ wọn, a sì túmọ̀ rẹ̀ nínú òfin 1935. Nígbà tí Íńdíà gba òmìnira ní 1947, ọ̀pọ̀ wọn kó lọ sí Ìlú Ọba, Ọsirélíà àti Kánádà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn dúró. Ìwé òfin Íńdíà ti 1950 jẹ́ kí Ààrẹ lè yan ẹni méjì nínú wọn sí Ilé Aṣòfin bí ó bá rí i pé kò sí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ fún wọn tó. Àǹfààní yẹn dópin ní oṣù Kìíní 2020.

Ní ti ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ilé Ricketts, ó ń bá iṣẹ́ lọ lẹ́yìn ikú rẹ̀, ṣùgbọ́n owó kò tó o. Ọ̀gá ọmọ ogun kan, John Doveton, Eurasian bíi tirẹ̀, ẹni tí ó ti sin Nizam ti Hyderabad, fi owó ńlá sílẹ̀ fún un nínú ìwé ìhágún rẹ̀. Ìgbìmọ̀ yí orúkọ padà ní 1855. Doveton College ni wọ́n ń pè é láti ìgbà náà.